Ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú òkúta Ṣábẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń lọ. Ó gbé ojú fóònù lé ojú maikirosíkóòpù ló fi yà á. Gbólóhùn kan ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Táńtì, ẹ wò ó, a ti rí wọn, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún." Mo fẹ fọ́tò náà títí ó fi kún ojú fóònù. Horo quartz kan ni, ọ̀kan lára àwọn horo tó para pọ̀ di òkúta wa, ó mọ́ bí omi òjò inú ìgò, àwọn nǹkan dúdú tíntìntín sì tò nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá ń lọ sídìí ṣúgà. Inú mi dùn fún un. Nígbà tí mo tún wo bí wọ́n ṣe tò, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kán àpáta yíyọ́ tó há sínú horo òkúta láyé àtijọ́ ni à ń wá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, ibi tí a ti ṣe dáadáa àti ibi tí a ti ṣe àṣìṣe. Lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni mo kà kí n tó di olùkọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi yẹ inú òkúta òkè wa wò, kó tó di pé ọmọ yìí dìde.

Akọ òkúta tó ga sókè ìlú wa yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíránáìtì, ti yọ́ rí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ ńlá àti ilẹ̀ ńlá forí gbárí ní ibi tó di Tógò, Benin àti Nàìjíríà lónìí, àpáta yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí òrí ṣe ń yọ́ nínú ìkòkò. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró, ó wá ń dì. Kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Horo kan á kọ́kọ́ dì, òmíràn á tẹ̀lé e. Bí horo sì ti ń dàgbà nínú àpáta yíyọ́ yẹn, ara rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ibì kan á sáré, ibì kan á fà sẹ́yìn, kòtò á wà níbẹ̀, àpáta yíyọ́ á kún inú kòtò náà, horo á sì bò ó pa. Ẹni tó bá ti rí igi tó dàgbà bo ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn mọ ohun tí mò ń wí. Ohun tó há síbẹ̀ ni mò ń pè ní ẹ̀kán àpáta yíyọ́. Púpọ̀ nínú wọn ò tó 100 maikirómítà. Irun orí ẹnì kan nípọn tó bíi 70.

Henry Clifton Sorby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa wọn láti ọdún 1858. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Kí ni ó fẹ́ fi maikirosíkóòpù wò lára òkè? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gidigidi, nítorí pé kò dá wọn lóhùn, òkúta rẹ̀ ló ń gé.

Ohun tó sọ ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ di iyebíye ni pé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn òde horo ló ti yí padà. Nígbà tí àpáta yíyọ́ bá ń sún mọ́ ojú ilẹ̀, omi àti gáàsì inú rẹ̀ á sá jáde bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Òkúta tí a ń rí lẹ́yìn náà, ìgò tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí ni. Èyí tó há sínú horo nìkan ni ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí.

Ìtàn òṣùpá ló kó sí ọmọ náà lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, àwọn tó fi Apollo 17 lọ sí òṣùpá bu erùpẹ̀ kan tó pọ́n bí osàn níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kéékèèké ló wà nínú erùpẹ̀ náà, òkè oníná orí òṣùpá ló tu wọ́n jáde láyé àtijọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi gbà pé òṣùpá ò ní omi kankan nínú, pé gbígbẹ ló gbẹ táútáú. Ní ọdún 2011, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Erik Hauri, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo inú àwọn horo olivine, irú horo òkúta kan tó ní àwọ̀ ewé, tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n rí ẹ̀kán àpáta yíyọ́ níbẹ̀, wọ́n sì wọn omi inú wọn: láti 615 títí dé 1,410 nínú mílíọ̀nù kan. Ara ìlẹ̀kẹ̀ ti sọ omi tirẹ̀ nù nígbà tó ń fò jáde. Èyí tó há sínú horo ò rí ọ̀nà lọ. Ọmọ náà ka èyí tán, ó wá bá mi nílé ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ó ní: "Táńtì, bí wọ́n bá lè mọ iye omi òṣùpá, kí ló dé tí a ò mọ iye omi tó wà nínú òkè Ṣábẹ̀ nígbà tó ń yọ́?"

Mi ò ní ìdáhùn tó lè fún un bí kò ṣe pé ká lọ wò ó.

Òkè wa kì í ṣe òkúta lásán. Nígbà tí ogun Dàhómè ń jà, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá sí, wọ́n sì ń bọ ọ́ títí di òní. Àwọn Faransé tó wò ó lókèèrè sọ ọ́ ní ọmú Ṣábẹ̀. A kò lè ṣàdédé gbé òòlù lọ bá a. Bàbá kan tó mọ ètò ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ lọ kí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dópin, ó bi wá léèrè bóyá a fẹ́ tà á, a ní rárá. Ó ní, "Èyí tó ti já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ mú nínú rẹ̀. Èyí tó dúró, ẹ jẹ́ kó dúró." Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Díẹ̀ nínú òkúta wa ti ìsàlẹ̀ òkè wá, ìyókù jẹ́ láti ibi tí àwọn ìyá ti ń fọ́ òkúta fún àwọn kọ́lékọ́lé lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn, nítorí pé ohun tó kọ́ wa ní ìṣẹ́jú méjì kò sí nínú ìwé tí mo kà. Ó rí i pé èyí tó funfun jù la ń ṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé òòlù, ó lu òkúta méjì níwájú wa. Ọ̀kan dún kọ́ọ́, bí irin. Èkejì dún pù, bí ìgbà tí a lu ògiri amọ̀. "Èyí tó ń ké yẹn ni ẹ mú," ló wí. "Èkejì, oòrùn àti òjò ti jẹ inú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, etí la fi ń yan òkúta.

Gígé rẹ̀ gba sùúrù. Ayùn ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà ló kọ́kọ́ là á sí pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi lọ̀ ọ́ dé ìparí, lórí àwo gíláàsì tí a da omi àti carborundum sí, ìyẹ̀fun líle kan tó ń họ òkúta. Ìwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń gé òkúta fún maikirosíkóòpù ni 30 maikirómítà. Bí a bá fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, a ó gé àwọn ẹ̀kán náà sí méjì, nítorí náà a dúró ní nǹkan bí 100. Ọmọ náà lọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko títí ìka rẹ̀ fi bó. Èmi náà bá a lọ̀ ọ́ nígbà tí mo lọ kí i. Irú òkúta yìí kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ ọlọ ìyá mi, tí mo ti lọ ata lórí rẹ̀ láti kékeré; òkúta ọlọ ni mo wá ń lọ̀ báyìí.

Pẹlẹbẹ méjìdínlógójì la rí gbà. Láti ara èyí tó ṣe ìkeje ni fọ́tò yẹn ti wá.

Mo pè é lórí fóònù lóru yẹn kan náà.

"Ṣé inú horo kan ṣoṣo ni èèrà yìí dúró sí, àbí ó rékọjá sí òmíràn?"

"Ó rékọjá, Táńtì. Ó gba inú mẹ́ta kọjá."

"Ṣé ihò róbótó wà nínú wọn?"

"Ó wà. Ó wà nínú púpọ̀ wọn."

"Mú ọ̀kan. Fi ojú ẹ̀rọ tó lágbára jù wò ó. Má fọwọ́ kan tábìlì. Ṣé ihò yẹn dúró sójú kan?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀mí rẹ̀.

"Ó ń mì," ló wí. "Kò dúró rárá. Ó ń gbọ̀n bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò."

Òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ kí n tó sọ ọ́. Ẹ̀kán àpáta yíyọ́ tó tutù kíákíá á di gíláàsì. Bó ṣe ń tutù ni yóò sún kì, ihò róbótó á sì yọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò inú gíláàsì ò lè yí, bí ihò inú ìdí ìgò ò ṣe lè yí. Inú omi nìkan ni ihò kékeré bẹ́ẹ̀ ti lè máa gbọ̀n, nítorí pé àwọn èérún omi ń kọlù ú láti gbogbo ìhà. Omi ló há síbẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe tò sọ ìyókù. Lẹ́yìn tí òkúta ti dì tán, ó là. Omi gbígbóná gba ojú ibi tó là wọlé, quartz sì tún dì pa ojú rẹ̀ dé, bí ojú abẹ ṣe ń jinná tó ń fi àpá sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán tí ọmọ náà rí, àpá ni gbogbo wọn. Wọ́n ò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí òkè ń yọ́.

Ẹnìkan níbẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀kán àpáta yíyọ́ ló rí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ fún mi, mo sì bi í pé kí lòun fẹ́ ṣe. Ó ní òun ti rí i tó ń mì, òun ò lè ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ yangàn nítorí ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí wa.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹlẹbẹ kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yìí, ohun tí kò tò pẹ̀lú èyíkéyìí ló ń wá: èyí tó dá wà, tó jìnnà sí gbogbo ojú ibi tó là, láàrín gbùngbùn horo. A tún mọ̀ pé kò ní rí bíi gíláàsì. Òkè oníná ló ń tutù kíákíá. Gíránáìtì ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tutù, nítorí náà ẹ̀kán tó há sínú horo rẹ̀ fúnra rẹ̀ á dì di horo kéékèèké, gíránáìtì tíntín nínú gíránáìtì. Irú rẹ̀ kì í dán. Ó máa ń ṣú dúdú, èèyàn á sì rò pé ìdọ̀tí ni. Mo gbà pé àìmọye rẹ̀ la ti wò kọjá láyé yìí.

Lórí pẹlẹbẹ kẹtàlélógún ló ti rí i. Ọ̀kan ṣoṣo. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 25 maikirómítà, etí rẹ̀ gún régé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e, ó tẹ̀lé igun horo quartz tó gbé e pọ̀n. Nígbà tí a fi awò méjì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ dábùú ara wọn, inú rẹ̀ ń tàn lábala lábala: ibì kan funfun, ibì kan eérú, ibì kan bí osàn pípọ́n. Ihò kékeré kan wà ní igun rẹ̀ kan. Kò mì. Mo rìnrìn àjò lọ wò ó fúnra mi. Mo jókòó tì í láti ìyálẹ̀ta títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé náà mọ́ wa sí.

Láti ibí ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kí èèyàn tó lè wọn omi inú irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ ọ padà, kí gbogbo horo inú rẹ̀ di ọ̀kan, kó sì mú un tutù ní wàràwàrà kó lè di gíláàsì. Ààrò iná mànàmáná kan wà níbi tí ọmọ náà wà. Ó kù díẹ̀ kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ẹyọ kan la ní, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ní ẹyọ kan kì í fi dánra wò. Síbẹ̀ mo gbà, torí èmi náà ń yán hànhàn láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni àgbà ibẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ni ẹ̀bi rẹ̀.

A gé horo náà yọ pẹ̀lú abẹ, a gbé e sínú ife amọ̀ kékeré kan tí kò tó ìdérí ìgò, a tì í sínú ààrò. A gbé iná lọ sí 800 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. A fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a fa ife náà jáde, ohun tó wọlé bí omi òjò ti funfun bí iyọ̀. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ibi tí ẹ̀kán wà ti di ihò òfìfo, ojú lílà sì yí i ká, ó nà lọ sí gbogbo ìhà bí ìtànṣán oòrùn tí ọmọdé yà sára ògiri. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó wò ó, ó dìde, ó jáde lọ sí ìta.

Ẹ ti rí bí gúgúrú ṣe ń bẹ́. Omi díẹ̀ ló há sínú horo àgbàdo. Iná mú un, ó di oru omi, kò ráyè, ó sì fọ́ èèpo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kán wa nìyẹn gan-an. Nígbà tó há, ìwúwo àpáta kìlómítà mélòó kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò jẹ́ kí omi inú rẹ̀ wú. Nínú ààrò tiwa, afẹ́fẹ́ lásán ló yí i ká. Quartz fúnra rẹ̀ tún dá kún un: bó bá ti dé 573 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bí inú rẹ̀ ṣe tò máa ń yí padà, á sì wú lójijì. Àpótí wa ti ń là kí ohun inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ 573 yẹn fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì rí. Mo mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí a gbé horo náà sínú ìkòkò irin tó nípọn, tí a ti fi ìfúnpá tó tó ìlọ́po 2,000 ti afẹ́fẹ́ ayé sínú rẹ̀, kí a tó mú un gbóná dé nǹkan bí 700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà níta á máa ti ti inú padà, horo ò ní fọ́, gíránáìtì tó ní omi púpọ̀ sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n yẹn. Lẹ́yìn tó bá di gíláàsì ni a ó fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí omi máa ń gbé mì díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a lè fi ìyẹn mọ iye omi tó wà níbẹ̀.

Iye omi yẹn ni ì bá sọ bí òkè wa ṣe jìn sílẹ̀ tó nígbà tó há. Bí ìfúnpá bá ṣe pọ̀ tó ni omi tí àpáta yíyọ́ lè gbé ṣe ń pọ̀ tó. Ní ìlọ́po 2,000, gíránáìtì yíyọ́ lè gbé omi tó ìdá 6 nínú 100, kìlómítà àpáta kọ̀ọ̀kan sì ń dá nǹkan bí ìlọ́po 265 kún ìfúnpá. Ká ní ìdá 6 la bá nínú ẹ̀kán yẹn, à bá ti mọ̀ pé òkúta tí àwọn baba ńlá wa gun sá ogun, tí ewúrẹ́ ń jẹko lára rẹ̀ lónìí, ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní jíjìn tó kìlómítà 7 ó kéré tán, kí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tó ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìdáhùn yẹn wà nínú ife amọ̀ náà nígbà tí a tì í sínú iná.

Ọmọ náà fi àpá omi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú wọn tutù títí wọ́n fi dì, ó wo ìwọ̀n tí yìnyín wọn fi ń yọ́ padà, ìyẹn sì sọ bí iyọ̀ inú omi náà ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì gbà á. Ó kọ ìtàn horo tó fọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ewé kan ààbọ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹnìkan ní kó yọ ọ́ kúrò. Kò yọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, a padà lọ sí ìdí òkè. Bàbá náà rí wa, ó ní ẹ̀yin ọlọ́kùúta, ẹ tún dé. A kí i, a sì tún tọrọ àyè bíi ti àkọ́kọ́. Ìgbà yìí, a ò wulẹ̀ mú ohun tó bá ṣáà ti dún. Ibi tí horo òkúta ti kéré jù la yàn, níbi tí àpáta yíyọ́ ti fara kan òkúta tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ló ti tutù yára díẹ̀ ju àárín lọ. Ọmọ náà tún ń wo inú zircon báyìí, horo kékeré kan tó le ju quartz lọ tí kì í tètè là.

Nínú pẹlẹbẹ mọ́kànlélọ́gọ́ta, méjì la ti rí tó dá wà, tí kò tò pẹ̀lú ẹlòmíràn, tí ihò inú wọn kò mì. Ó ti yà wọ́n ní fọ́tò láti gbogbo ìhà, ó ti ya àwòrán wọn sínú ìwé pẹ̀lú bí wọ́n ṣe jìnnà sí etí horo tó. A ti kọ̀wé sí ibi méjì tí wọ́n ní ìkòkò irin tó lè gba ìfúnpá náà, ọ̀kan sì ti ní kí a dúró de ìgbà tó bá kan tiwa. Inú ìgò oògùn kékeré kan ni wọ́n wà, òwú yí wọn ká, nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, lókè níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ò tó. Ọmọ náà lẹ ìwé mọ́ ara ìgò náà: orúkọ ibi tí a ti mú òkúta, ọjọ́ tí a mú un, àti lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa, "Kò tíì kan iná."